Manga ní Ìkòròdú: Ibi Tó Wà, Ibi Tí Kò Sí, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Manga, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán láti Japan, wà ní Ìkòròdú, àmọ́ kò sí níbi tí èèyàn máa kọ́kọ́ wá a lọ. Ẹni tó bá wọ ilé ìtàwé tó ní gíláàsì lójú àti ẹ̀rọ amúlétutù, òfo ló máa bá jáde. Ẹni tó bá lóṣòó nídìí ìwé tòkunbọ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí tapólì létí títì, ó lè fa manga Naruto apá 31 yọ láàárín ìwé ìdáná òyìnbó àti ìwé ABD àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé apá 31 nìkan lẹ máa rí. Apá 1 dé 30, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló wà.

Torí náà, a ò ní fi bí ṣọ́ọ̀bù ṣe rẹwà díwọ̀n ibì kankan nínú àyẹ̀wò yìí, bẹ́ẹ̀ ni a ò ní fi ẹ̀rín ẹni tó ń tajà díwọ̀n rẹ̀. Ìbéèrè kan la máa bi ibi kọ̀ọ̀kan: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan níbẹ̀, ṣé ó lè kà á parí?

Ilé ìtàwé ilé-ìwé

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò níbí. Àwọn ilé ìtàwé tó wà láàárín Gáréèjì sí Sábó, ìwé ilé-ìwé ni wọ́n ń tà: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá, Bíbélì, Kùránì, ìwé orin, nóòtù. Ohun tí ilé-ìwé bá kọ sínú lísítì ni wọ́n ń kó wá, ìgbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé lóṣù kẹsàn-án sì ni ọjà wọn ń gbóná jù. Kò sẹ́ni tó máa lọ fi owó há sínú ìwé tí tíṣà kankan kò ní béèrè, a ò sì lè bá wọn wí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi wúlò. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń wọ Èkó lọ kó ọjà, tí ẹ bá sì ti di kọ́sítọ́mà rẹ̀, ó lè bá yín ra ìwé bọ̀. Ẹ má fi orúkọ ìwé nìkan rán an o. Ẹ kọ ISBN rẹ̀ sórí bébà fún un, ìyẹn nọ́ńbà oní-díjíìtì 13 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978, tó wà níbi bákóòdù lẹ́yìn ìwé. (Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2007 lè jẹ́ nọ́ńbà oní-díjíìtì 10 ló ní.) Apá kọ̀ọ̀kan ló ní ISBN tirẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n sì pa mẹ́ta pọ̀ sójú kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí ẹ bá fi ẹnu lásán rán ní "Naruto apá 3" lè gbé ẹ̀dà 3-in-1 tó jẹ́ nọ́ńbà 3 bọ̀, kó wá jẹ́ pé apá 7, 8 àti 9 ló wà nínú rẹ̀.

Orí tapólì

Ibí gan-an lọjà wà. Ìwé tòkunbọ̀ máa ń bá kọ̀ǹténà wọlé pẹ̀lú aṣọ, bàtà àti fíríìjì àlòkù, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ìwé tí àwọn láíbírì òkè òkun ti yọ kúrò lórí pẹpẹ wọn. Ẹni tó ń tà á kò fi ohun tó wà nínú ìwé tò ó. Bí ìwé ṣe ga, bó ṣe nípọn, ohun tó fi ń tò ó nìyẹn, torí òun náà ló fi ń dá iye lé e. Manga tí Viz, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà kan, tẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó pọ̀ jù nínú ìwé tòkunbọ̀, fẹ̀ tó íǹṣì 5, ó ga tó íǹṣì 7½, ojú ìwé rẹ̀ sì máa ń súnmọ́ 200. Ìwọ̀n yẹn ló ń gbé e lọ sáàárín ìwé ìtàn àwọn ọmọdé. Kọ́míìkì Amẹ́ríkà ní tiwọn fẹ̀, wọ́n sì pẹlẹbẹ, àárín ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n máa ń bá wọn kó o sí. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìwé àwọn ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ sì fi ojú wá nọ́ńbà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn ìwé ìtàn ọmọdé mìíràn kì í sábà ní.

Kò sí ìdí láti máa ṣàlàyé ohun tí manga jẹ́ fún olùtajà. Ẹ fi àwòrán ìwé hàn án lórí fóònù: "Bọ̀dá, irú eléyìí ni mò ń wá. Tẹ́ ẹ bá ti tú ẹrù tuntun, ẹ bá mi yà á sọ́tọ̀." Kí ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń tú ẹrù. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn dára ju ìrọ̀lẹ́ lọ, torí àwọn tó ń ra ìwé lọ tún tà lórí Instagram àti WhatsApp náà mọ ọjọ́ ọ̀hún. Nígbà òjò, láti oṣù karùn-ún lọ, ẹ fura sí ìwé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Omi máa ń gba abẹ́ tapólì wọlé, ìwé tó bá sì ti mumi rí, ojú ewé rẹ̀ á rí jákujàku bó tilẹ̀ ti gbẹ, kò sí irin ìlọṣọ tó lè sọ ọ́ di tààrà mọ́.

Bí ìwé bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má tíì dárúkọ owó. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ọ̀pọ̀ manga, kò sí okùn nínú rẹ̀. Oòrùn tó ń pa á lórí tapólì láti àárọ̀ dé alẹ́ ló ń mú kí gọ́ọ̀mù yẹn gan. Ẹ rọra ṣí i láàárín gbùngbùn. Tó bá dún "kẹ́ẹ́" tí ẹ sì rí ìlà funfun níbi tí ewé ti pàdé, gọ́ọ̀mù ti kú nìyẹn, á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kà á dé ìparí. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti fi sílẹ̀ tó bá jẹ́ apá tí ẹ ti ń wá tipẹ́, àmọ́ ó jẹ́ ìdí láti já owó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i láti ọwọ́ ọ̀tún. Níbi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ń parí ni manga ti ń bẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n sì ti ń ka àpótí àwòrán inú rẹ̀ wá sí apá òsì. Ọmọ tí kò mọ̀ máa rò pé ẹ̀yìn ìwé nìyẹn, torí náà ibẹ̀ ló ti máa ń ya bébà. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ojú ewé àkọ́kọ́, èyí tí orúkọ àwọn orí wà, ló sábà máa ń sọnù jù. Tó bá wà níbẹ̀, ó máa ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé púpọ̀ nínú ojú ìwé manga ni kò ní nọ́ńbà. Àwòrán ló gba gbogbo ojú ewé dé etí. Kíka nọ́ńbà lọ ní 1, 2, 3 kò ní ṣeé ṣe. Ẹ lo àkójọ orí: tó bá ní orí kẹta bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé 47, ẹ lọ wo ibi tí orí kẹta ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà tó súnmọ́ ibẹ̀ jù díwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún orí tó kẹ́yìn.

Gbogbo manga kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ẹ má fi ìyẹn dá ìwé lẹ́bi. Akira, tó jẹ́ apá 6, àti Lone Wolf and Cub tí ilé-iṣẹ́ Dark Horse tẹ̀ ní apá 28, tó kéré tó fi lè wọ àpò ṣòkòtò, òsì ni wọ́n ti ń kà wọ́n ní ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀. Wọ́n yí àwòrán wọn padà bíi ti inú dígí ni. Àwọn ajagun inú wọn á wá dà bí ẹni pé gbogbo wọn jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì.

Ẹ̀dà tó ti láíbírì wá ló yẹ ká dúró tì díẹ̀, torí òun làwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù láti rà. Ẹ máa rí ike tó mọ́ gaara tí wọ́n fi wé èèpo rẹ̀, téèpù ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páálí. Bébà kékeré kan máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà YA (ìwé àwọn ọ̀dọ́) á wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà apá á wà lábẹ́ lẹ́tà ọ̀hún. Bákóòdù kejì máa wà lókè, ní igun kan. Tí ẹ bá ṣí i, òǹtẹ̀ pupa tàbí dúdú máa wà níbẹ̀: WITHDRAWN, tàbí DISCARD. Ẹnì kan kò jí i o. Òǹtẹ̀ yẹn ló ń fi hàn pé láíbírì fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́. Àwọn kan kì í fẹ́ ẹ nítorí ìdọ̀tí òǹtẹ̀, àwa ò sì bá wọn jiyàn tó bá jẹ́ pé torí ẹwà ni wọ́n ṣe ń kó ìwé jọ. Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ kàwé, ẹ̀dà láíbírì dára ju èyí tí ẹnì kan lò nílé lọ. Ike ti gba èèpo rẹ̀ lọ́wọ́ omi, gọ́ọ̀mù kún ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà mìíràn, a sì lè rí apá mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tẹ̀ léra nínú ẹrù kan náà, nítorí pé pẹpẹ kan náà ni wọ́n ti kó wọn dànù. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìtú gbogbo òkìtì yẹn délẹ̀.

Owó wá kù. Ẹni tó ń tà á ń wo bí ìwé ṣe nípọn, ó tún ń wo ojú yín. Ẹ má pariwo nígbà tí ẹ bá rí apá tí ẹ ti ń wá. Ẹ kó o mọ́ ìwé méjì mìíràn tí kò jẹ́ nǹkan kan, kí ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀: "Èló ni gbogbo ẹ̀ jálẹ̀?" Lẹ́yìn tó bá ti dárúkọ iye, ẹ yọ ìwé tí ẹ ò fẹ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo iye dọ́là tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn manga náà, $7.95 tàbí $9.99 ni ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ Viz àtijọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iye yẹn ta ìwé àlòkù fún yín.

Ṣé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn lórí tapólì lè kà á parí? Ó dá lórí ìtàn tó bá mú. Ẹ má torí apá kan tó wúni lórí bẹ̀rẹ̀ One Piece. Láti 1997 ló ti ń jáde, ó ti kọjá apá 100, kò sì tíì parí. Naruto jẹ́ 72, Bleach jẹ́ 74. Ẹni tó bá gbára lé tapólì nìkan láti kó àwọn wọ̀nyí pé, á darúgbó sídìí ẹ̀. Àmọ́ Death Note kò ju 12 lọ (nọ́ńbà 13 kì í ṣe ìtàn, ìwé àlàyé ni), Pluto jẹ́ 8, A Silent Voice jẹ́ 7. Bí ẹ bá rí ìdajì irú wọn lórí tapólì, ìdajì tó kù ṣeé rà ní tuntun láì jẹ gbèsè. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn tó kù sórí fóònù. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ á ra apá 4 lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ńbà tó ń tan èèyàn jẹ

Ohun tó ń ba owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ jù nìyí, ó sì burú ju ìwé tó ya lọ.

Ẹ̀dà 3-in-1 la kọ́kọ́ dárúkọ. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi 3 sọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ di púpọ̀, ibẹ̀ ló parí sí. Nọ́ńbà 5 parí sí apá 15, nítorí náà 13, 14 àti 15 ló wà nínú rẹ̀. Naruto tó jẹ́ 72 di ìwé 24 péré lọ́nà yìí. Ó ń gba ààyè díẹ̀, ó sì ń dín owó kù lórí apá kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ó sì tètè ń là sí méjì.

Dragon Ball ni èkejì. Ní Japan, ìwé 42 ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Viz fẹ́ tà á ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín in sí méjì: Dragon Ball apá 1 dé 16, lẹ́yìn náà Dragon Ball Z tó tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 26. Ìyẹn ni pé Dragon Ball Z apá 1 ló tẹ̀ lé Dragon Ball apá 16. Ẹni tí kò mọ̀ máa rò pé ìtàn méjì ni, á sì máa wá Dragon Ball apá 17 kiri orílẹ̀-èdè.

Fruits Basket ní ẹ̀dà méjì tí kò bára wọn mu. Ti ilé-iṣẹ́ Tokyopop jẹ́ 23. Ti Yen Press tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ó sì nípọn, wọ́n pa á pọ̀ di 12. Ẹ kò lè fi apá 6 ti ọ̀kan tẹ̀ lé apá 5 ti èkejì.

Bí orúkọ Tokyopop bá wà lára ìwé, ẹ tún ní láti ṣọ́ra fún nǹkan mìíràn. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti ọ́fíìsì tó ń tẹ manga ní Amẹ́ríkà pa lọ́dún 2011, àwọn ìtàn kan sì wà tí wọn kò tíì tẹ̀ parí nígbà náà. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn náà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n dá dúró ni wọ́n gbé padà. Ìwé wọn sì pọ̀ nínú ẹrù tòkunbọ̀. Kí ẹ tó ra apá 1, ẹ fi fóònù wo bóyá ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dé ìparí.

Àwọn méjì kan tún wà tí wọ́n máa ń tà bíi manga tí wọn kì í ṣe manga tí ẹ ń wá. Viz tẹ àwọn ìwé ìtàn Naruto kan fún ọmọdé, ọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ̀, àwòrán kò pọ̀. Ìwé ìròyìn Shonen Jump ní Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lóṣooṣù láti ìparí 2002 títí di 2012, òun náà wà nílẹ̀ nígbà mìíràn. Ó tóbi, bébà rẹ̀ kò dára, orí ìtàn mélòó kan láti inú ìtàn oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, ẹ rà á. Tí ìtàn lẹ fẹ́ kà tán, ẹ gbé e padà.

Ayédèrú náà wà, ó sì rọrùn láti mọ̀ bí ojú bá ti mọ́ ọ. Bébà rẹ̀ funfun báláú bíi bébà fọ́tókọ́pì, ó sì wúwo. Manga gidi sábà máa ń lo bébà tó fúyẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ń lọ sí ti wàrà, tó sì ń pọ́n bó bá ṣe ń dàgbà. Ẹ wo ibi tí òjìji wà nínú àwòrán: nínú ojúlówó, àmì tó-tó kéékèèké ló wà níbẹ̀, wọ́n tò bíi pé wọ́n fi okùn wọ̀n wọ́n, nínú ayédèrú, àwọn àmì náà ti yọ́ mọ́ra wọn, tàbí kí wọ́n máa rí bí ìgbì omi. Ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ àárín ìwé á ti wọ inú gọ́ọ̀mù lọ. Tí ẹ bá tún rí ojú ewé kan tí orúkọ ẹgbẹ́ àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ẹjọ́ ti parí. Ẹnì kan wà á jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀ ẹ́, ẹni tó yà á ní Japan kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ilé ìkàwé

Ní ilé ìkàwé ìjọba, àwọn tó ń múra ìdánwò ló sábà máa ń kún ibẹ̀, ìwé tí wọ́n nílò náà ló sì pọ̀ jù lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí tábìlì bóyá manga wà, "rárá" lẹ máa gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ẹ tó gbà, ẹ lo nọ́ńbà. Láíbírì tó bá ń lo ètò Dewey, 741.5 ni wọ́n ń kó ìwé ìtàn alàwòrán sí, ti Japan sì máa ń jẹ́ 741.5952. Ọ̀dọ̀ iṣẹ́ ọnà ni kí ẹ lọ, ẹ má lọ sọ́dọ̀ ìtàn àròsọ. Láíbírì yunifásítì sábà máa ń lo ètò Library of Congress ní tiwọn, PN6790.J3 ni kí ẹ wá níbẹ̀. Ẹ̀bùn ìwé tó ti òkè òkun wá lè ní manga kan tàbí méjì nínú, kí ẹni tó tò ó má sì mọ ohun tó jẹ́.

Tí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ìbéèrè tí ẹ fi ẹnu sọ á parí síbi tí ẹ ti sọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ISBN, àti iye apá tó jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè ìtàn tó kúrú tó sì ti parí, torí láíbírì tó bá ra apá mẹ́ta nínú 72 kò ṣe yín lóore kankan. Bákan náà, tí ẹ bá fẹ́ fi ìwé ta wọ́n lọ́rẹ, ẹ kó odindi ìtàn lọ lẹ́ẹ̀kan. Apá kan níhìn-ín, apá kan lọ́hùn-ún, inú àpótí ni wọ́n máa wà, kò ní dé orí pẹpẹ.

Ìdájọ́ wa lórí ilé ìkàwé: àyè wọn dára láti jókòó ka manga tí ẹ mú lọ fúnra yín, tí wọ́n bá gbà. Láti rí i níbẹ̀, ẹ má gbé ọkàn lé e.

Láti Èkó

Ẹni tó bá fẹ́ tuntun, tó fẹ́ tò ó ní 1, 2, 3, àfi kó ra á láti Èkó. Ọkọ̀ BRT láti Ìkòròdú sí TBS ń gba Fadéyì kọjá, láti ibẹ̀ ẹ ti súnmọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Yábàá àti lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba. Ẹrù wọn pọ̀ ju ti Ìkòròdú lọ, àmọ́ òfin tapólì kan náà ló wà níbẹ̀, ojú wọn sì ti là sí iye rẹ̀. Fún tuntun, àwọn ilé ìtàwé bíi Rovingheights, tó ń tàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ní kí ẹnì kan fọwọ́ kan ìwé náà lórí pẹpẹ, nítorí ohun tó wà lójú ìkànnì lè ti tán nínú ṣọ́ọ̀bù. Apá 1 ló máa ń kọ́kọ́ tán.

Owó ọkọ̀ ìwé lẹ máa fojú sí. Àwọn oníbáìkì tó ń gbé ẹrù kan ka Ìkòròdú mọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn, iye tí wọ́n sì ń gbà láti Erékùṣù lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ìwé kan. Ẹ má ra ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ kó mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ, tàbí kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ pa owó pọ̀, kí wọ́n gbé e wá lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á tààrà láti Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba nípasẹ̀ àwọn tó ń kó ẹrù ní kílò-kílò, apá kan ìwọ̀n Viz wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 200, márùn-ún ló ń ṣe kílò kan. Ẹ mú iye tó wà lẹ́yìn ìwé, ẹ fi iye dọ́là ọjọ́ yẹn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi ìdá márùn-ún owó kílò kún un. Iye yẹn ni kí ẹ fi wé ti ṣọ́ọ̀bù Èkó. Tí ti ṣọ́ọ̀bù bá fi díẹ̀ ju tiyín lọ, ẹ ra ti ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tí ẹ lè fọwọ́ kàn lónìí sàn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ fi máa bi aláàgbàtà pé "ẹrù mi ti dé àbí kò tíì dé?"

Lórí fóònù

Ìwé bébà là ń sọ, àmọ́ ká má purọ́: fún ìtàn tó ṣì ń jáde lọ́wọ́, kò sí ibì kankan ní Ìkòròdú tó lè bá MANGA Plus, ìkànnì àti áàpù tí wọ́n ti ń ka manga, figa gbága. Ilé-iṣẹ́ Shueisha tó ni Shonen Jump ló ṣe é ní 2019, ó ṣí fún Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti mẹ́ta tó kẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń ṣí sílẹ̀. Lórí áàpù fóònù, ọ̀pọ̀ ìtàn tó ń lọ lọ́wọ́ ni ẹ lè ka gbogbo orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsanwó. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni o. Ẹ má ṣí orí kan wò lásán tí dátà bá fẹ́ tán. Orí tuntun àwọn ìtàn Jump ń jáde ní aago méjìlá òru ọjọ́ Ajé ní Japan, ìyẹn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ lè fi ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kí ẹ tó náwó lórí bébà rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé

Nítorí pé àárín ìwé ọmọdé ni manga máa ń wà lórí tapólì, òbí lè rà á fún ọmọ ọdún mẹ́jọ láì wo inú rẹ̀. Viz máa ń tẹ lẹ́tà sẹ́yìn ìwé: A wà fún gbogbo èèyàn, T wà fún ọ̀dọ́, T+ wà fún ọ̀dọ́ tó ti dàgbà, M wà fún àgbàlagbà. Death Note jẹ́ T+. Berserk tí Dark Horse tẹ̀ jẹ́ ti ẹni ọdún 18 sókè, nínú ọ̀rá ni wọ́n sì ń tà á ní tuntun. Lórí tapólì, ọ̀rá yẹn ti kúrò tipẹ́. Tí ẹ kò bá rí lẹ́tà, ẹ ṣí ibi mẹ́ta nínú ìwé náà wò kí ẹ tó sanwó.

Tó bá délé

Ọ̀sà kò jìnnà sí wa, afẹ́fẹ́ ibí sì tutù fún ìwé. Ìwé tí ẹ rà láti orí tapólì, ẹ má tò ó mọ́ àwọn tó kù lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e sójú afẹ́fẹ́ nínú ilé, kúrò lójú oòrùn, kí ẹ ṣí ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ gbá ibi tó bu. Omi kọ́ la fi ń nu bíbu ìwé. Ẹ má ti pẹpẹ ìwé mọ́ ògiri tó ń mu omi, ẹ fi àlàfo tó ìbú ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀rá kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má sọ wọ́n nù. Wọ́n ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ẹ jù wọ́n sáàárín ìwé nínú àpótí. Kánfọ̀ ń lé kòkòrò, àmọ́ ẹ fi bébà wé e kó má bàa kan èèpo ìwé. Tó bá jẹ́ ọ̀rá lẹ fẹ́ fi dì í, ẹ rí i dájú pé ìwé ti gbẹ dénú kí ẹ tó dè é lẹ́nu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ọ̀rá yẹn ló máa bu sí.